Ẹ̀tọ́ Àwọn tí Kùsà Wà Lábẹ́ Ilẹ̀ Wọn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú

      Àkọlé tí Akọ̀wé fi ránṣẹ́ sí mi ni "Ohun Àlùmọ́ọ́nì àti Ìlọsíwájú Ìlú." Mo gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Alága láti yí i padà díẹ̀, nítorí pé bí a bá ti fi ìlọsíwájú ṣáájú, ọkàn ènìyàn a máa sáré lọ sí orí owó, kì í sì í rántí bèèrè ẹni tí yóò ru ẹrù náà. Ẹ̀tọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ: ẹ̀tọ́ ẹni tí ń gbé lórí ilẹ̀ tí òkúta olówó iyebíye wà lábẹ́ rẹ̀.

Gbogbo wa ni a ti rí àwọn àlejò tí wọ́n ń rìn ká oko wa láti ọdún tí ó kọjá pẹ̀lú òòlù kékeré àti ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀. A ti rí i pé òkúta funfun àti èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jọ elésè-àlùkò, tí àwọn baba wa ń ṣà jù sí ẹ̀bá oko kí ọkọ́ má baà kán, ni wọ́n ń kó sínú àpò lọ. A sì ti gbọ́ pé ìdílé méjì ti fọwọ́ sí ìwé. N kò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ mọ̀ ni ohun tí òkúta yìí jẹ́, ohun tí irú rẹ̀ ti dá sílẹ̀ níbòmíràn, àti ohun tí òfin fi sí ọwọ́ wa kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ilẹ̀.

Lítíọ́mù ni wọ́n ń wá nínú òkúta náà. Òun ni irin tí ó fúyẹ́ jùlọ nínú gbogbo irin ayé, òun ni a sì fi ń ṣe bátìrì fóònù, bátìrì ọkọ̀ tí ń fi iná mànàmáná rìn, àti èyí tí ń tọ́jú agbára oòrùn di alẹ́. Kóbọ́ọ̀tì, bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì a máa bá a rìn nínú iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò ní Paris ní 2015 pé kí a dín èéfín tí ń mú ayé gbóná kù, gbogbo ayé ni ó ń wá àwọn òkúta wọ̀nyí lójú méjèèjì. Mo fara mọ́ ète náà. Ẹni tí ó bá ti sùn sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kò ní bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò rú èéfín ní Lọ́ńdọ̀nù lè ti bo ọmọ ẹlòmíràn ní eruku ní ibi tí a ti wa òkúta bátìrì rẹ̀, ẹni tí ó sì gun ọkọ̀ náà kò ní mọ̀.

Ìlú kan wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Kóńgò, èyí tí Kinshasa jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kolwezi, ní ìpínlẹ̀ Lualaba. Láti ìgbà tí àwọn ará Bẹ́líjíọ̀mù ń ṣàkóso ibẹ̀ ni a ti ń wa bàbà ní agbègbè náà. Kóbọ́ọ̀tì sì wà pẹ̀lú bàbà náà nínú ilẹ̀ kan ṣoṣo. Lónìí, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ nínú kóbọ́ọ̀tì tí gbogbo ayé ń wà tí ó ń ti Kóńgò jáde, agbègbè Kolwezi sì kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni í sọ ìlú di ọlọ́lá, àwọn ará Kolwezi ni ì bá máa yá wa lówó.

Ní 2014, ní àdúgbò kan níbẹ̀ tí à ń pè ní Kasulo, ẹnìkan gbẹ́ ilẹ̀ ní ilé ara rẹ̀, ó sì bá kóbọ́ọ̀tì pàdé. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ àgbàlá wọn, àwọn mìíràn gbẹ́ inú ilé gan-an, ihò sì ń wọlẹ̀ lọ láìsí ohun tí ó gbé e ró. Nígbà tí ó di 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí àwọn ìdílé kan kó kúrò ní apá kan àdúgbò náà, a sì fi ibẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ́lé síbẹ̀, tí ó bímọ síbẹ̀, di ẹni tí a ń bèèrè pé kí ni ó ń wá níbẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2016, Amnesty International àti ẹgbẹ́ kan ní Kóńgò tí ń jẹ́ Afrewatch tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn tí ń fi ọwọ́ wa kóbọ́ọ̀tì. Wọ́n bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 7. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣa òkúta, wọ́n ń fọ̀ ọ́ nínú odò, wọ́n ń ru àpò tí ó wúwo jù wọ́n lọ, tó wákàtí 12 lójúmọ́, fún owó tí kò ju dọ́là kan sí méjì lọ. Wọn kò fún wọn ní ìbọ̀wọ́, wọn kò fún wọn ní ìbomú. Ní oṣù kẹfà 2019, ibi ìwakùsà ńlá kan lẹ́bàá Kolwezi ya lu àwọn tí wọ́n wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ láti wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ó kéré tán, ènìyàn 43 ni ó kú. Ní 2023, Amnesty tún kọ̀wé, lọ́tẹ̀ yìí lórí àwọn tí a lé kúrò nílé nítorí pé ibi ìwakùsà ń gbòòrò sí i. Ní àdúgbò kan tí ń jẹ́ Cité Gécamines, tí ó ní iná, omi, ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn, àwọn kan kọ́kọ́ mọ̀ pé a óò lé wọn nígbà tí wọ́n rí àmì pupa tí a fi ọ̀dà fà sí ara ilé wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ rò ó wò. Ẹ jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ sì bá ọ̀dà pupa lára ògiri ilé tí baba yín kọ́.

Àwọn kan nínú yín lè máa wí nínú ọkàn wọn pé nítorí pé òfin kò sí ní Kóńgò ni gbogbo èyí ṣe ṣẹlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìwakùsà tí wọ́n tún ṣe ní 2018 dára ju tiwa lọ ní ibi púpọ̀. Ó sọ pé nínú owó tí ilé-iṣẹ́ ń san fún ìjọba lórí kùsà tí ó wà, èyí tí mo lè fi wé ìṣákọ́lẹ̀ tí àgbàro ń san fún onílẹ̀, ìdá 15 nínú 100 ni ó tọ́ sí àgbègbè kékeré tí a ti wa kùsà náà, ìdá 25 tọ́ sí ìpínlẹ̀, ìdá 10 sì wà fún àwọn ìran tí ń bọ̀. Ní ilẹ̀ wa, Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 sọ pé kí ìdá tí kò dín ní 13 nínú 100 padà sí ìpínlẹ̀ tí ohun àlùmọ́ọ́nì ti jáde. Ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣí kò ní orúkọ nínú rẹ̀ rárá. Ohun tí ó ba ọ̀rọ̀ Kolwezi jẹ́ ni pé wọ́n ti gbé ìwé àṣẹ fún ẹlòmíràn ní ọ̀nà jíjìn kí àwọn ará àdúgbò tó gbọ́. Ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn, ìgbà yẹn sì ni ẹni tí ń bèèrè ti di ẹni tí ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ má sì jẹ́ kí a ka ọ̀rọ̀ yìí sí ti ọ̀nà jíjìn. Ní Zamfara ní 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú. Wúrà ni àwọn baba wọn ń wá. Òjé tí ó wà nínú òkúta kan náà ni ó pa àwọn ọmọ náà, nítorí pé inú ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta, eruku rẹ̀ sì bà lé ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lé, ó bà lé inú ìkòkò. Ní Nasarawa, níbi tí lítíọ́mù ti ń jáde báyìí, àwọn oníròyìn lọ sí Pasali ní 2024, wọ́n sì bá àwọn ọmọ kéékèèké lẹ́nu iṣẹ́ òkúta ní wákàtí tí ó yẹ kí wọ́n wà nílé-ìwé. Ní tiwa níhìn-ín, gbogbo wa ni a mọ bí omi odò Ọ̀ṣun ṣe yí padà di omi amọ̀ nígbà tí àwọn awakùsà ń da ilẹ̀ rú ní òkè odò, tí ó fi di pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ ń kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn kí wọ́n má ṣe mu omi tí àwọn baba ńlá wọn ti ń mu. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní 2024, ohun abúgbàù bú ní Bódìjà, ní Ìbàdàn. Ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ ilé sì wó. Ìjọba Ọ̀yọ́ sọ pé àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ ni ó kó o pamọ́ sínú ilé níbẹ̀. Àwọn tí ó kú kò wa kùsà kankan. Wọ́n ń gbé àdúgbò lásán ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí òfin. Ohun kan wà tí kò dùn láti gbọ́, ṣùgbọ́n ó sàn kí a gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ìlú ju kí a gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá lọ: òkúta náà kì í ṣe tiwa. Òfin Ìpìlẹ̀ ní ìpín 44, àti Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì àti Ìwakùsà ti 2007, sọ pé ti Ìjọba Àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ mọ ìpín yìí lórí, wọn a sì máa kà á fún àwọn àgbà wa bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí. Ibẹ̀ kọ́ ni ó parí sí. Oko tí ó wà lókè òkúta náà jẹ́ tiwa. Igi kòkó, igi ẹ̀mí, iṣu tí ó wà nínú ebè, ilé, odò àti ara àwọn ọmọ wa jẹ́ tiwa.

Nítorí náà, òfin kan náà sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti wa kùsà lórí ilẹ̀ tí ó ní olówó gbọ́dọ̀ sọ fún onílẹ̀ tàbí ẹni tí ń lo ilẹ̀ náà, kí ó sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ó sọ pé kí a san owó gbà-má-bínú tí ó tọ́ lórí ilẹ̀ tí a bàjẹ́, lórí irè oko, lórí igi àti lórí ilé. Kò gbà kí a wa kùsà ní ibi tí a kà sí mímọ́, tàbí kí a ba igi tí a ń bọ jẹ́. Kí àwọn abọrẹ̀ wa fi èyí sí ọkàn. Ìpín 116 rẹ̀ ni mo fẹ́ kí olúkúlùkù há sórí. Ó pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan lórí ilẹ̀ náà, ó gbọ́dọ̀ bá ìlú tí ó gbà á lálejò ṣe ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè: ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ fún ọmọ ìlú, ọ̀nà, omi, iná, ìlera, ìrànlọ́wọ́ fún oníṣòwò kékeré àti fún títa irè oko, àti bí a óò ṣe máa tọ́jú àyíká. Ìwé náà de ìhà méjèèjì, a sì gbọ́dọ̀ máa tún un yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà "kí ó tó bẹ̀rẹ̀." Àpò ìrẹsì kì í ṣe ìwé àdéhùn. Àpòòwé tí a fi lé baálé kan lọ́wọ́ ní alẹ́ kì í ṣe ìwé àdéhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣẹ àyẹ̀wò kì í ṣe ìwé àṣẹ ìwakùsà: ẹni tí ìjọba ní kí ó wá wo ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kò tíì gba àṣẹ láti máa fi ọkọ̀ ńlá kó o lọ.

Àwọn ìwé àgbáyé náà wà lẹ́yìn wa, n kò sì ní fi wọ́n dá yín dúró pẹ́. Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí a fọwọ́ sí ní 1981, tí ó sì ti di òfin Nàìjíríà láti 1983, sọ pé gbogbo àwùjọ ní ẹ̀tọ́ sí ọrọ̀ ilẹ̀ wọn àti sí àyíká tí ó sàn fún wọn. Orí rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ìwé náà dúró lé ní 2001 nígbà tí ó dá àwọn ará Ògóni láre lòdì sí ìjọba ológun tí ó ti ṣàkóso wa. Ní 2024, ìgbìmọ̀ tí Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn lórí àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì wọ̀nyí gbé ìlànà méje kalẹ̀. Èkínní nínú wọn ni pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni kí ó wà ní àárín gbogbo iṣẹ́ náà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó wà ní New York kò ní wá dúró ní ẹ̀bá odò wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, ta ni "àwa"? Àwọn àgbàro wà lórí ilẹ̀ wa tí wọ́n ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wa láti ìgbà baba wọn. Òfin kò sọ pé onílẹ̀ nìkan ni kí a fún ní owó gbà-má-bínú. Ẹni tí ó gbin nǹkan sórí ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó ohun tí ó gbìn. Bí a bá gba owó iṣu wọn sí àpò ara wa, ọ̀nà wo ni a óò gbà dá ilé-iṣẹ́ lẹ́bi? Bákan náà ni àwọn ìyá wa. Àwọn ni wọ́n ń pọn omi, àwọn ni wọ́n ń ṣa ẹ̀mí, síbẹ̀ a kì í rí obìnrin kan lórí àga nígbà tí a bá ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀. Mo rò pé ìwé àdéhùn tí Ìyálóde kò bá fọwọ́ sí, kí Ẹgbẹ́ yìí má ṣe kà á sí ìwé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ti gbọ́ ìkùnsínú yín. Ẹ wí pé àwọn àgbà fẹ́ dí yín lọ́nà oúnjẹ. N kò sọ pé kí ẹ má wa kùsà. Òfin fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú láti kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì gba ibi tiwọn. Ohun tí ó pa àwọn ènìyàn 43 wọ̀nyẹn ni pé iṣẹ́ náà ni oúnjẹ wọn, kò sì sí ibi tí òfin gbà wọ́n sí, nítorí náà wọ́n ń wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Èmi yóò fẹ́ kí ẹ ní ìwé lọ́wọ́, kí ẹ ní àṣíborí lórí, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 má sì bá yín wọ ihò.

Ní ti iṣẹ́ Ẹgbẹ́ wa, àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní òkè òkun lè ṣe ohun tí àwa tí a wà nílé kò rí ààyè ṣe. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ gbogbo àṣẹ ìwakùsà ní Nàìjíríà wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ní Àbújá, ó sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò, títí kan lórí kọ̀ǹpútà. Kí ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù bá wa wá a jáde kí oṣù yìí tó parí: ta ni ó ní àṣẹ lórí ilẹ̀ wa, irú àṣẹ wo ni, ìgbà wo ni yóò sì parí. Wọ́n tún lè bèèrè ibi tí òkúta náà ń lọ, nítorí pé òfin bátìrì tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní 2023 yóò mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa wádìí bí a ṣe rí ohun tí ó wà nínú bátìrì wọn. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ apá yìí sí 2027, ṣùgbọ́n àwọn olùrà kò fẹ́ kí orúkọ wọn bàjẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé.

Ní ilé, mo bẹ Kábíyèsí pé kí a gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí àwọn onílẹ̀, àwọn àgbàro, àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ yóò wà nínú rẹ̀. Kí a gbé omi odò wa lọ fún àyẹ̀wò nísinsìnyí tí ó ṣì mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Kí ìwé àdéhùn sì sọ ibi tí a óò tọ́jú ohun abúgbàù sí, bí yóò ti jìnnà tó sí ilé àti sí ilé-ìwé, àti ẹni tí yóò dí ihò nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Owó tí ó bá wọlé, kí a tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ọdọọdún yìí, títí dé orí kọ́bọ̀.

Ní ti ìdílé méjì tí mo mẹ́nu kàn, agbẹjọ́rò Ẹgbẹ́ yóò jókòó ní ààfin lọ́la láti aago 9 òwúrọ̀. Kí wọ́n mú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí wá, àti ẹnikẹ́ni mìíràn tí ó bá ní irú rẹ̀ nínú àpótí. Yóò kà á fún wọn ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀, a kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.